Ìwádìí CBT pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè kà tán: èwo ni kí n dì mú?

Lẹ́tà tí ẹnì kan kọ ránṣẹ́ nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ni mò ń ṣe, CBT, ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èrò àti ìṣe ènìyàn, ni mo kọ́, òun náà ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, kò sí ohun tuntun tó ń kọjá mi. Ní báyìí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń sọ̀rọ̀ ACT, DBT àti àwọn ìtọ́jú mìíràn tó tan mọ́ CBT, ńṣe ni mo máa ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Àwọn ìwé ìwádìí tí mo tọ́jú pé mo máa kà ti pọ̀ débi pé n kì í fẹ́ ṣí ibi tí mo kó wọn sí mọ́. Ojoojúmọ́ ni ímeèlì àpérò ń wọlé, àwọn kan tilẹ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan tún sọ fún mi pé ìwádìí ti fi hàn pé agbára CBT ń dínkù. Nǹkan kan ṣoṣo ni owó mi lè ká lọ́dún. Ṣé kí n fi lọ sí àpérò àgbáyé ni, àbí kí n fi san owó jọ́nà, ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ ìwádìí jáde? Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bóyá mò ń fi àìmọ̀ mi pa àwọn tí mò ń tọ́jú lára.”

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin náà. Ẹ béèrè nípa owó, ẹ béèrè nípa ìwé àti àpérò, ṣùgbọ́n gbólóhùn tó kẹ́yìn lẹ́tà yín ló ni gbogbo ìyókù, òun ni màá sì kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí ẹ kò bá mọ ohun tuntun, ṣé àwọn tí ẹ ń tọ́jú ló ń jìyà rẹ̀? Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ láti ibi tí ẹ̀ ń wò. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn máà tíì ka ìwádìí tó jáde lóṣù tó kọjá, ọ̀tọ̀ ni kí ó máa gbàgbé ohun tó ti mọ̀ nínú yàrá ìtọ́jú. Èkejì yìí ló ń ṣe ìpalára jù. Ní 2009, Glenn Waller kọ̀wé lórí bí olùtọ́jú ṣe máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ láìfura: kò ní yẹ iṣẹ́ àmúrelé wò mọ́, kò ní jẹ́ kí ẹni náà kojú ohun tó ń bẹ̀rù, ìjókòó á sì di ìtàkùrọ̀sọ dídùn lásán. Ìdí rẹ̀ ni pé olùtọ́jú fúnra rẹ̀ ni ara rẹ̀ ò gbà kí ẹnikẹ́ni máa gbọ̀n níwájú òun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe alábòójútó fún àwọn olùtọ́jú, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé bí ìtọ́jú bá dúró sójú kan, ohun àtijọ́ tí wọn ò ṣe mọ́ ló sábà máa ń fà á. Ẹni tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí tuntun kan ò tíì dé etí rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn-ún gbọ́. Ní 2016, Simon Goldberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú 170 jáde, àwọn tó tọ́jú ènìyàn 6,591, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé wọn láti ọdún dé ọdún. Èrò gbogbo ayé ni pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ọwọ́ olùtọ́jú á máa dáa sí i. Ohun tí wọ́n rí ni pé, tí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, àbájáde wọn rẹlẹ̀ díẹ̀ bí ìrírí wọn ṣe ń pọ̀. Ìrẹ̀sílẹ̀ náà kéré gan-an, àwọn kan nínú wọn sì ń tẹ̀ síwájú, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọkún lé e lórí. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé ọdún lásán kì í kọ́ni níṣẹ́. Mo sì rò pé ìwé kíkà lásán náà kò lè ṣe é, bí kò bá sí ohun tó so ohun tí a kà mọ́ ẹni tó jókòó síwájú wa.

Àṣìgbọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ mú kúrò ni pé bí ímeèlì ṣe ń sáré wọlé ni ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń sáré. Rárá o. Ìwé ló ń sáré. Ìmọ̀ ń rọra rìn ni. Ẹ wo bí ó ṣe wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni Albert Ellis bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú tirẹ̀, Aaron Beck tẹ̀ lé e ní Yunifásítì Pennsylvania ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. 1977 ni ìwádìí tó kọ́kọ́ gbé ìtọ́jú Beck kojú oògùn ìsoríkọ́ imipramine jáde, ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ lórí ìsoríkọ́ sì tẹ̀ lé e ní 1979. Ní 1986, David Clark ṣàlàyé ìdí tí ìjayà òjijì fi ń wáyé: ẹni náà ń túmọ̀ ìmí àti ìlùkìkì àyà rẹ̀ sí pé ikú dé. Ní 2000, òun àti Anke Ehlers ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀ fún ìpayà tó máa ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú. Tí a bá kọ gbogbo ohun tó yí ìṣe inú yàrá ìtọ́jú padà láti ìgbà náà sílẹ̀, kò ní kún ìwé àjákọ kékeré kan.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó yí padà gan-an, kí ẹ lè rí bí ìyípadà tòótọ́ ṣe máa ń wáyé. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé bí ẹni tó ń bẹ̀rù bá ti wọ ibi tó ń bà á lẹ́rù, kí ó dúró níbẹ̀ títí ẹ̀rù á fi wálẹ̀. Èrò tí Edna Foa àti Michael Kozak gbé jáde ní 1986 wà lára ohun tó gbé èyí ró. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń wádìí bí ènìyàn àti ẹranko ṣe ń gbàgbé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ẹ̀rù àtijọ́ kì í parẹ́. Ẹ̀kọ́ tuntun ló ń jókòó lé e lórí, ìyẹn ló sì fà á tí ẹ̀rù fi lè jí padà níbòmíràn. Ní 2014, Michelle Craske àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan fún àwọn olùtọ́jú. Wọ́n ní bóyá ẹ̀rù wálẹ̀ nígbà ìjókòó tàbí kò wálẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ bí ara ẹni náà ṣe máa yá tó. Ohun tó ṣe kókó ni kí ó sọ ohun tó gbà pé ó máa ṣẹlẹ̀, kí ó lọ dán an wò, kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní iṣẹ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ mú ẹni tó gbà pé tí àyà òun bá ti ń lù kìkì, òun á dákú, tí dókítà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ọkàn rẹ̀ le koko. Láyé àtijọ́, ẹ ó bá a jókòó títí àyà rẹ̀ á fi rọ̀, ẹ ó sì máa béèrè pé mélòó ni ẹ̀rù náà kù nínú 100. Ní báyìí, ẹ ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé “màá dákú láàárín ìṣẹ́jú méjì”, kó sáré gun àtẹ̀gùn, kó má di nǹkankan mú, kó sì padà wá ka ohun tó kọ. Ẹ ó tún un ṣe níbòmíràn, lákòókò mìíràn, láìsí yín níbẹ̀. Láti 1986 sí 2014, ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn tó jáde kò pàdánù ohun ńlá kan. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí apá kan rẹ̀ títí di òní.

Irú rẹ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ ìsoríkọ́. Ní 1996, Neil Jacobson tú CBT palẹ̀, ó mú apá kan rẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn mímú ẹni náà padà sẹ́nu ìgbòkègbodò tó ní ìtumọ̀ fún un, ó sì rí i pé apá yẹn nìkan ṣe dáadáa bí odidi. Kò sẹ́ni tó fi ìwádìí kan ṣoṣo pa ọ̀nà rẹ̀ dà. Sona Dimidjian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un yẹ̀ wò ní 2006. Lẹ́yìn náà, ìwádìí COBRA tí David Richards ṣáájú rẹ̀ jáde ní 2016: ènìyàn 440, àwọn kan gba CBT lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú tó kọ́ ọ dáadáa, àwọn kan gba apá ìgbòkègbodò yìí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò jìn tó bẹ́ẹ̀, àbájáde ti èkejì kò sì rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Ogún ọdún gbáko ni ìbéèrè kan gbà kó tó ní ìdáhùn tó ṣeé gbé ara lé. Ẹni tó ń ka àkópọ̀ ìwádìí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò ní í pàdánù irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ti ACT, DBT àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ẹ ń mi orí sí, mo rò pé ẹ̀rù orúkọ ló ń bà yín. Kò sí èyí tó wá rọ́pò ohun tí ẹ kọ́ nínú wọn. Inú iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe ni DBT ti jáde, ìwádìí àkọ́kọ́ tí Marsha Linehan ṣe lórí rẹ̀ ní 1991 sì dá lórí irú wọn. MBCT, tó da àṣàrò pọ̀ mọ́ CBT, wà fún ẹni tí ìsoríkọ́ ti mú léraléra tí ara rẹ̀ sì ti yá, kó má bàa tún padà. Nínú ìwádìí John Teasdale ní 2000, àwọn tó ti ní in ní ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jàǹfààní rẹ̀. ACT ti Steven Hayes kì í bá èrò jà rárá, ó ń kọ́ni láti jẹ́ kí èrò máa kọjá lọ nígbà tí ènìyàn ń ṣe ohun tó kà sí pàtàkì; àwọn tó ń gbé pẹ̀lú ìrora ara ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà lára àwọn tí wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀ fún jù. Bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe láàárín àwọn tí ẹ ń tọ́jú, kò sí ìdí tí DBT fi gbọ́dọ̀ gba oorun lójú yín. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn: ẹ kọ́ ọ tàbí kí ẹ darí ẹni náà sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó sọ fún yín pé agbára CBT ń dínkù kò parọ́, àmọ́ kò sọ ìtàn náà tán. Ní 2015, Tom Johnsen àti Oddgeir Friborg kó ìwádìí 70 jọ lórí ìsoríkọ́, wọ́n sì ní bí ọdún ṣe ń lọ ni àǹfààní CBT ń kéré sí i. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Ohun tí wọ́n wọ̀n jù nínú rẹ̀ ni bí ẹni tó gba ìtọ́jú ṣe rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe rí nígbà tó parí. Ṣùgbọ́n ìsoríkọ́ a máa fúyẹ́ fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìwọ̀n báyẹn kò sì lè ya iṣẹ́ ìtọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ àkókò. Nígbà tí Ioana Cristea àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe ní 2017, wọn ò rí ìrẹ̀sílẹ̀ tó dúró ṣinṣin. Ní 2023, Pim Cuijpers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 409 jọ, ènìyàn 52,702 ló wà nínú wọn. CBT ṣe dáadáa ju kí a má tọ́jú ènìyàn lọ, ó bá oògùn dọ́gba nígbà tí ìtọ́jú ń lọ lọ́wọ́, ó sì borí oògùn ní oṣù mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin tó fẹ́ràn CBT, ẹ má tíì jó: nígbà tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ mìíràn, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan.

Èmi ò ní parọ́ pé gbogbo ìṣirò tó gbé CBT ga ló mọ́. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló fi àwọn tó ṣì ń dúró de ìtọ́jú ṣe àfiwé, ẹni tó sì mọ̀ pé ìtọ́jú òun ń bọ̀ lè káwọ́ gbera kó máà ṣe nǹkankan fún ara rẹ̀, èyí á sì mú kí ìtọ́jú tí wọ́n fi wé e dà bí iṣẹ́ ìyanu. Àwọn ìwádìí kan sì wà tí kò jáde rárá nítorí pé àbájáde wọn ò wú ẹnikẹ́ni lórí. Ellen Driessen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa irú wọn ní 2015, láàárín àwọn ìwádìí ìtọ́jú ìsoríkọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fowó ṣe. Nígbà tí wọ́n kó àwọn tí kò jáde pọ̀ mọ́ àwọn tó jáde, agbára ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ dínkù ní bíi ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, tí ẹ bá mú ìwé kan, kí ẹ tó ka ìparí rẹ̀, ẹ wá ohun tí wọ́n fi ṣe àfiwé. Ẹ wò ó bóyá àwọn tó dá ìtọ́jú náà sílẹ̀ ló tún dán an wò, ẹ sì wo iye oṣù tí wọ́n fi tẹ̀ lé àwọn ènìyàn náà. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n forúkọ ìwádìí náà sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ pé ìgbà tí èsì dé ni wọ́n tó mú ohun tí wọ́n ń wá. Ìsọníṣókí tó wà lókè ìwé kì í sábà sọ gbogbo èyí, ìgbéraga ló sì máa ń pọ̀ níbẹ̀.

Ó kan kíkà fúnra rẹ̀. Àkójọ ìwé tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín yẹn, ẹ pa á rẹ́. Bí ìwé kan nínú wọn bá ṣe pàtàkì lóòótọ́, ẹ ó tún pàdé rẹ̀ nínú àkópọ̀ ìwádìí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ mú ìṣòro kan tàbí méjì tó ń wá bá yín jù, kí kíkà yín dúró lórí wọn. PubMed, ibi tí a ti ń wá ìwé ìwádìí ìlera lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè kọ ohun tí ẹ ń wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó máa fi tuntun ránṣẹ́ sí yín nípa ímeèlì, ẹ sì lè ní àkópọ̀ ìwádìí nìkan ni kó máa mú wá. Àwọn àgbéyẹ̀wò Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìlera jọ, àti ìtọ́sọ́nà NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dára fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró. Jọ́nà tí mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí fún ẹni tó ń tọ́jú ènìyàn ni the Cognitive Behaviour Therapist, torí pé ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ fún. Cognitive and Behavioral Practice náà ń fi bí a ṣe ń ṣe é hàn, pẹ̀lú àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ inú yàrá ìtọ́jú. Behaviour Research and Therapy, tó ti wà láti 1963, jinlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ló ń bá sọ̀rọ̀ jù. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fowó ara rẹ̀ san ti jọ́nà. Ọ̀pọ̀ ìwé ló wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní PubMed Central tàbí PsyArXiv, èyí tí kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ kọ ímeèlì ẹlẹ́sẹ̀ méjì sí ẹni tó kọ ọ́. Inú wọn a máa dùn pé ẹnì kan fẹ́ kà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì fi ránṣẹ́. Tí ẹ bá lè rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó jọ máa ka ìwé kan lóṣù, ó dára ju kí ẹ dá ka mẹ́wàá lọ, torí ẹnì kan nínú wọn á béèrè ohun tí ẹ kì bá ti béèrè lọ́wọ́ ara yín.

Àpérò wá ńkọ́? ABCT, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe CBT ní Amẹ́ríkà, ti wà láti 1966, oṣù kọkànlá ni wọ́n sì máa ń ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn. BABCP, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní 1972. EABCT tó kó àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù jọ bẹ̀rẹ̀ ní 1976, láti ìlú kan dé ìlú mìíràn ni tiwọn ń lọ. Ti àgbáyé máa ń wáyé lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta: Barcelona ní 2007, Boston ní 2010, Lima ní 2013, Melbourne ní 2016, Berlin ní 2019, àjàkálẹ̀ àrùn sì mú kí ti Seoul di 2023. Mo fẹ́ràn irú àwọn àpérò wọ̀nyí, n ò ní tan yín. Ibẹ̀ lẹ ti ń gbọ́ ohun tí àwọn olùwádìí ń ṣiyèméjì lé lórí, èyí tí wọn kì í kọ sínú ìwé. Ibẹ̀ náà ni ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ti ń rí i pé ohun tó ń dààmú òun ń dààmú àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n pé kí jíjókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ yí ọwọ́ ènìyàn padà nínú yàrá ìtọ́jú, ìyẹn ló ṣòro. Dave Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí jọ lórí ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ní 1999, wọ́n rí i pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ènìyàn kàn jókòó gbọ́ kì í yí ìṣe padà, àfi èyí tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan níbẹ̀.

Èyí tó tilẹ̀ sún mọ́ wa jù ni ìwádìí Diane Sholomskas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2005. Olùtọ́jú 78 ni wọ́n kọ́ ní CBT. Wọ́n fún àwọn kan ní ìwé ìtọ́sọ́nà nìkan, àwọn kan gba ìwé náà pẹ̀lú ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan sì gba ìwé náà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mélòó kan, àti alábòójútó tó ń gbọ́ iṣẹ́ wọn lẹ́yìn náà. Àwọn tó kẹ́yìn yìí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Nítorí náà, bí owó bá ká nǹkan kan ṣoṣo, ìdájọ́ tèmi ni pé kí ẹ má fi lọ sí àpérò àgbáyé lọ́dún yìí. Ẹ wá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan tàbí méjì lórí ìṣòro tí ẹ ń rí jù, lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ń tọ́jú ènìyàn, kí ẹ sì fi ìyókù owó náà san alábòójútó tó máa gbọ́ ohùn ìjókòó yín fún oṣù díẹ̀, nígbà tí ẹni tí ẹ ń tọ́jú bá ti fọwọ́ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọ̀nyẹn gan-an a máa ṣe irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú àpérò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2020. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ tí ẹ bá fẹ́ di olùwádìí: ẹ lọ, ẹ gbé iṣẹ́ yín lọ, ẹ lọ mọ ènìyàn. Ó sì yàtọ̀ tí ẹ bá ń dá ṣiṣẹ́ débi pé ẹ ti ń ro ó láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo mọ àwọn tí àpérò kan ṣoṣo dá padà sẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá lọ, ẹ rántí pé ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tàbí tí wọ́n sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì kọjá lójú àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Òmíràn kì í jáde láéláé, òmíràn á jáde pẹ̀lú ìparí tó yàtọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀, kí ẹ wá ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ní ti àwọn ímeèlì tó ní kí ẹ wá sọ̀rọ̀, gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ní 2019, ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ilé-iṣẹ́ kan tó ń tẹ jọ́nà tó sì ń pe àpérò san owó tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là, torí pé ó ń tan àwọn onímọ̀ jẹ, títí kan fífi orúkọ ẹni tí kò gbà láti wá kéde àpérò. Ẹni tó bá ń yìn yín ṣáájú kó tó mọ iṣẹ́ yín, tó da ìtọ́jú ọkàn pọ̀ mọ́ ìtọ́jú eyín àti iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú àpérò kan náà, tó sì ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ pa ímeèlì rẹ̀ rẹ́. Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé ó lè jẹ́ òótọ́, ẹ mú orúkọ kan nínú àwọn tó ní wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kí ẹ wá àdírẹ́sì rẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í tààrà.

Ohun tó kù ni pé kí ẹ mọ bí iṣẹ́ tiyín ṣe ń rí, èyí ni ìwádìí tí ẹnikẹ́ni kò lè bá yín ṣe. PHQ-9 fún ìsoríkọ́ àti GAD-7 fún àníyàn, ìwé ìbéèrè kúkúrú tí ẹni tí ẹ ń tọ́jú máa ń dáhùn, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ẹ fún ẹni náà kó dáhùn wọn ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jọ wò ó kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìwé fún fáìlì. Corinne Hannan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn olùtọ́jú léèrè, nínú ìwádìí kan ní 2005, pé èwo nínú ènìyàn 550 ni ìtọ́jú máa parí tí ara rẹ̀ á sì burú ju bó ṣe wá lọ. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n dárúkọ, bẹ́ẹ̀ 40 ni ara wọn burú sí i. Ojú wa kì í rí i, ìwọ̀n ló ń rí i. Bí ìwọ̀n àwọn tí ẹ ń tọ́jú fún ìsoríkọ́ bá ń wálẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ sinmi lórí ìsoríkọ́. Bí ti àwọn tó ń bẹ̀rù àwùjọ bá dúró sójú kan, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa kà lóṣù yìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa wá.

Àwọn ibi tí ìmọ̀ràn mi ò dé wà o. Lẹ́tà yín kò sọ àwọn tí ẹ ń tọ́jú. Tí ó bá jẹ́ ọmọdé ni, tàbí àwọn tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ìwé tó yẹ kí ẹ kà yàtọ̀, mo sì lérò pé kí ẹ bi ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ mélòó kan ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwádìí tí mo tọ́ka sí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ ọ́ jù. Bí ẹni tó jókòó síwájú yín bá ń sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orí fífọ́ àti ara ríro, tí ìbéèrè mẹ́sàn-án PHQ-9 kò sì bá bó ṣe ń sọ ọ́ mu, ẹ gba ohun tí ẹni náà sọ gbọ́ ju òǹkà orí ìwé lọ, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an sílẹ̀, kí ẹ jọ fún un ní ìwọ̀n láti òdo sí mẹ́wàá, kí ẹ máa fi ìyẹn tẹ̀ lé e láti ìjókòó dé ìjókòó.